Nígbà Tí Ìnàkí Ń Ti Ẹnu Mi Sọ̀rọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi tóbi ju àpò ìwé mi lọ, tí ohun tó wà nínú méjèèjì ò sì ju ara wọn lọ, àdúgbò Djidjolé là ń gbé. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Irun funfun kan ò sí lórí mi, irùngbọ̀n mi ò tíì mọ ibi tó fẹ́ hù sí, mo wá jókòó bíi bàbá àgbà, mo ní kí ẹ wá gbọ́ ìtàn ìgbà èwe mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní cinquième, kíláàsì kejì ní girama, àbí ká kúkú sọ òótọ́, ẹni tí ilé ìwé fi sílẹ̀ ní cinquième, tó ti po sìmẹ́ńtì fún bíríkìlà, tó ti gun zémìjàn, ọ̀kadà tiwa, tó sì gbé èrò ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ gọ́tà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dàgbà. Ìyà kì í wo ìwé ìbí kó tó fún èèyàn ní ọjọ́ orí.

Ilé tí à ń gbé nígbà náà ní àgbàlá oníyanrìn kan láàárín, yàrá sì tò yí i ká. Bàbá mi, bíríkìlà ni, ará apá Sákẹ́tẹ́ ni, ní Bẹ̀nẹ̀. Ìyá mi ń ta aṣọ àlòkù. Onílé wa jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ń sọ Mina, èdè ìlú yẹn, Màmá la máa ń pè é, tọmọdé tàgbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n sì fi télé ńlá kan ránṣẹ́ sí i. Màmá gbé télé yìí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ léèsì bò ó lójú bí ìyàwó tuntun. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, á ṣí aṣọ náà, gbogbo ọmọ inú ilé á sì dà síwájú rẹ̀ bí adìyẹ tó rí àgbàdo.

Àwòrán kan ni wọ́n máa ń ṣe lásìkò yẹn, irú èyí tí wọ́n fọwọ́ yà tó sì ń rìn. Ìtàn ìnàkí ńlá kan ni. Bó bá dìde dúró, àwọsánmà á máa bọ́ lára rẹ̀ bí òwú. Ó lágbára tó fi lè fa odò kúrò lójú ọ̀nà, àmọ́ kì í pa èèyàn. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kiri, wọ́n fẹ́ wó òkè tó ń gbé. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọdé abúlé máa ń kó sí wàhálà wọn, ojoojúmọ́ ni ìnàkí náà á máa gbé wọn sí èjìká sá lọ sínú igbó, níbi tí ọwọ́ ò ti lè tẹ̀ wọ́n. Kó tó fò, á kọ́kọ́ gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Àwa náà á gbóòórùn tiwa. Tèmi máa ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìtàn náà, Faransé ni, mi ò lè kà á nígbà yẹn, ẹ má sì bi mí bóyá mo lè kà á báyìí. Ìnàkí là ń pè é.

Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Faransé ni Ìnàkí ń sọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Faransé lọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn. Màmá, Mina ni tiẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá díẹ̀ tó kọ́ lẹ́nu wa. Àwọn ọmọ Atakpamé tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun ń sọ Ifẹ̀ tiwọn. Àwa ń sọ Yorùbá. Èmi nìkan ni mo ti wọ école, ilé ìwé Faransé, bí wọ́n ṣe fi mí joyè ògbufọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ Faransé kankan. "Bonjour, maître" tí a fi ń kí olùkọ́ ni mo mọ̀, àti "je n'ai pas compris." Èkejì yẹn, "kò yé mi," ni mo ń lò jù.

Àmọ́ oyè ti dé orí mi, mi ò lè sọ ọ́ nù. Bí Ìnàkí bá ti lanu, gbogbo ojú á yí sí mi.

"Kí ló wí?"

Èmi á kọ́kọ́ wúkọ́ bíi lèmọ́mù tó fẹ́ ṣe wáàsí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn ni Ìnàkí sọ, mo máa ní, "Ó ní ebi ń pa òun." Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú, mo máa ní, "Ó ní òun máa lù wọ́n." Bí kò bá sọ nǹkan kan, mo máa ní, "Ó ń ronú." Màmá á mi orí, á ní ìnàkí yìí gbọ́n o. Ìgbà yẹn nìkan ni wọ́n pe nǹkan tó ti orí mi jáde ní ọgbọ́n.

Mo ní àbúrò méjì nígbà náà, ìbejì ni wọ́n. Ẹ mọ orúkọ wọn, orúkọ gbogbo ìbejì ni. Táyé ni ọkùnrin, Kẹ́hìndé ni obìnrin. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìbejì nílé wa: ọmọ ẹdun ni wọ́n. A kì í jẹ ọ̀bọ, a kì í sọ òkò lù ú, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá mi, á rọra kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i bí ìbátan ọkọ. Nítorí náà, nígbà tí Ìnàkí dé orí télé, àwọn méjèèjì ò gbà pé àwòrán ni. Ará ilé wọn ló jẹ́ lójú wọn, tó lọ ṣe ńlá sí ìlú òyìnbó. Táyé á fi ìkúùkù rìn lórí yanrìn láti òwúrọ̀ títí ẹ̀yìn ìka rẹ̀ á fi bó, á gbé Kẹ́hìndé pọ̀n, bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé ga jù ú lọ. Ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé á máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń sùn lórí ẹní kan, wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan, Táyé ló sì máa ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí kò bá tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́, Kẹ́hìndé ò ní jẹ.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ gan-an. Omi dúró ní gbogbo ojú ọ̀nà Djidjolé, ẹ̀fọn sì gba ìlú. Ibà mú Táyé. Mo ti rí ibà rí, ibà ti mú mi tó ìgbà tí maître nà mí, nítorí náà mi ò kà á sí. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n fún un ní kóró oògùn, ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì tún gbóná. Bàbá mi gbé e lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e padà wálé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aṣọ ti bò ó lójú.

Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú sùn nílé. Àwọn ọkùnrin ti ń dé, wọ́n ń wá omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́. Kẹ́hìndé wà nínú àgbàlá, ó ń kọ́ ilé yanrìn. Màmá bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ká aṣọ léèsì kúrò lójú télé, ó fi ọwọ́ pe gbogbo àwa ọmọdé. Ó gbé ohùn télé náà sókè, kò gbé e sókè báyẹn rí. Ó gbá mi lórúnkún, ó sì sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n sọ̀rọ̀, kí n sọ̀rọ̀ sókè, kí n má dákẹ́.

Mo sọ̀rọ̀. Ìnàkí ń fò láti orí òkè kan bọ́ sórí èkejì, èmi ń pariwo, "Ó ti fò! Ó ní ẹ dì mú! Ó ní ẹ má wo ẹ̀yìn!" Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Kẹ́hìndé dúró sórí àpótí kí ó lè ríran dáadáa. Lẹ́yìn wa lọ́hùn-ún, mo rí bàbá mi àtàwọn ọkùnrin mọ́sálásí, wọ́n gbé àbúrò mi gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde. Ẹrù náà kéré débi pé ẹnì kan ì bá dá a gbé, àmọ́ gbogbo wọn ló fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ò wo apá ọ̀dọ̀ wa. "Ó ní ẹ má wo ẹ̀yìn," mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n gbé àkúmẹ̀, òkèlè àgbàdo, wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Kẹ́hìndé jókòó ti abọ́, ó gbọ́wọ́ sórí itan.

"Táyé dà?"

Ìyá mi yíjú sí ògiri. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ọ́. Ìbejì kì í kú lẹ́nu wa, wọ́n á ní ó rìnrìn àjò, wọ́n á ní ó lọ síbi kan. Ẹni tó bá sọ ọ́ síta gbangba ń pe èkejì kó máa tẹ̀ lé e. Màmá ló gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá mi. Ó fọwọ́ ra Kẹ́hìndé lórí, ó ní, "Táyé? É yi nàkí."

Mina tí èmi gbọ́ nígbà náà, Mina èébú ni, àti Mina ọjà. "É yi," mo mọ̀ ọ́n, ó ti lọ ni. Àmọ́ "nàkí," ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí ò sí. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré wá bá mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́? Màmá ní Táyé ti lọ bá Ìnàkí!"

Mo wo Màmá. Màmá mi orí bẹ́ẹ̀ni. Mo wí nínú ara mi pé, háà, àgbà yìí mọ irọ́ pa jù mí lọ. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni olórí òpùrọ́ inú ilé yẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Kẹ́hìndé ti ń wá Táyé nínú télé. Á sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ á fi máa bo ojú gíláàsì, á máa wo èjìká Ìnàkí, á máa wo ẹ̀yìn igi. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni abọ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á gbọ́wọ́ sórí itan, á máa dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá mi lù ú, kò jẹ. Ó bẹ̀ ẹ́, kò jẹ. Wọ́n fi síbí la á lẹ́nu, ó tu ú sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ wá tinrín bí ọrùn ìgò. Àwọn obìnrin tó wá kí wa á wò ó, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á pòṣé. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ fún ìkejì lẹ́yìn ilé pé, "Èyí náà ti ń di ẹrù rẹ̀ o. Ọ̀nà ló ń wò yẹn." Ìyá mi náà gbọ́. Ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́, kò dúró, àmọ́ aṣọ kan náà ló ń fọ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìnàkí jókòó lẹ́bàá odò, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Bí ìṣe mi, "Ó ní ebi ń pa òun" ló yẹ kí n sọ. Kẹ́hìndé yíjú padà.

"Bọ̀dá, kí ló wí?"

Mi ò mọ ibi tí ó ti wá. Mo la ẹnu, ó sì jáde.

"Ó ní Táyé wà lẹ́yìn òun níbẹ̀ yẹn, télé ni ò gbà á tán. Ó ní Táyé ti jẹun tiẹ̀. Ó ní Táyé ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ abọ́, kí ìwọ náà wá tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Kẹ́hìndé wo Ìnàkí, ó wo èmi. Ó dìde, ó wọlé lọ bá ìyá mi. "Ìyá, Táyé ti jẹ. Ẹ fún mi ní tèmi." Ó jẹ ààbọ̀, ó fi ààbọ̀ sílẹ̀ fún Táyé, bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀.

Ẹ rí i, ìyá mi ò wo télé rí láyé rẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí ń kó sí èèyàn lójú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò tutù.

"Kí ni Ìnàkí máa sọ lónìí?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀.

"Sọ fún un kó ní kí ó lo oògùn rẹ̀. Kó sì jẹ́ kí n di irun rẹ̀."

Ìnàkí sọ ọ́. Kẹ́hìndé lo oògùn, ó jẹ́ kí wọ́n di irun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi náà dé, ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ ìyọ̀ǹda. Ó ní bí mo bá rí ọ̀gbẹ́ni yẹn, kí n sọ fún un kó ní kí Kẹ́hìndé padà sí ilé kéwú. Bí ìnàkí orí télé ṣe di Mùsùlùmí nìyẹn. Kò pẹ́, ó ti ń kírun, ó ti ń sọ pé kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó sùn, ó ti ń kọ̀ fún àwọn ọmọ Atakpamé kí wọ́n má jí ẹja Màmá mọ́. Èmi ọmọ tí kì í wẹ̀ ni mò ń fi ẹnu ìnàkí wàásù ìmọ́tótó. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. Kẹ́hìndé sanra díẹ̀.

Ọjọ́ kan ni ìyá mi tún pè mí. Mo rò pé iṣẹ́ tó fẹ́ rán Ìnàkí ni. Ó bi mí, kò sì wò mí lójú:

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Ta ni?"

"Táyé. Níbẹ̀ yẹn. Ṣé ó wọ aṣọ sí ọrùn? Òtútù wà nínú igbó."

Ojú ìyá mi ni wọ́n ṣe gbé ọmọ yẹn jáde, mo rò pé ó mọ̀. Mo wá rí i pé mímọ̀ ò tíì dé ibi gbogbo lára rẹ̀. Mo ní ó wọ súwẹ́tà pupa. Ó ní, "Ó dáa," ó sì lọ gbé igbá aṣọ rẹ̀.

Òpin dé bá Ìnàkí bí ó ṣe ń dé bá gbogbo nǹkan. Ìrọ̀lẹ́ kan ló gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa, ó wọ inú igbó lọ, wọ́n sì kọ "Fin" sí i, pé ó ti parí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin oníkóòtù ló jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kẹ́hìndé bi mí ohun tí wọ́n sọ. Mo ní wọ́n sọ pé Ìnàkí ń sinmi, ó máa padà. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn oníkóòtù náà ni. Ó bi mí pé ṣé Táyé dágbére. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ fún òun. Ọwọ́ rẹ̀ tún padà sórí itan.

Àkókò yẹn ni Màmá ṣe sàráà kan fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ìkòkò ńlá ni wọ́n gbé kaná, èédú tí gbogbo ilé fi ń dáná ò lè ká a. Ó ní kí àwọn gende bá òun ra nàkí wá. Kẹ́hìndé wà níbẹ̀, ó gbórí sókè. Ó dúró de àwọn gende. Wọ́n dé, wọ́n sọ igi ìdáná sílẹ̀ gbàgà sínú àgbàlá, ìdì lórí ìdì. Kẹ́hìndé lọ dúró níwájú Màmá.

"Màmá, kí ni èyí?"

"Nàkí," ni Màmá wí. Ó ń gbé ìkòkò, kò ro ohunkóhun. "Nàkí ni."

Mo rí Kẹ́hìndé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fọwọ́ kan igi náà. Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Lọ́jọ́ kejì, a ò rí i. Láàárọ̀, ìyá mi rò pé ó wà lọ́dọ̀ Màmá, Màmá rò pé ó wà nílé kéwú. Nígbà tí oòrùn wá kan àtàrí ni wọ́n mọ̀. Bàbá mi bojú wo kanga, ó bojú wo gọ́tà, ó fi igi tọ omi òjò tó dúró. Wọ́n pariwo rẹ̀ ní mọ́sálásí. Ìyá mi ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kò lè parí gbólóhùn kan, ó kàn ń fi ọwọ́ wọn bí ọmọ náà ṣe ga tó. Èmi ń sáré kiri pẹ̀lú wọn, mo ń ronú nípa ọ̀rọ̀ obìnrin ẹ̀yìn ilé yẹn. Lójijì ni mo rí i lójú ọkàn mi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ti igi. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta igi, ní apá Aflao-Gakli. Mo gba ibẹ̀ lọ.

Obìnrin tó ń ta igi rí mi, kò jẹ́ kí n lanu. "Ìwọ lo ni ọmọ yìí? Láàárọ̀ ló ti dé. Ó ní ìkejì òun wà nínú igi mi."

Kẹ́hìndé wà ní ìdí òkìtì igi kan tó ga ju ilé lọ, ó ń fa ọ̀kan, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fa òmíràn. Ẹ̀gún igi ti wọ gbogbo ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ eruku. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú àlàfo àárín àwọn igi, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gba ihò kọ́kọ́rọ́.

Mo gbé ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Kẹ́hìndé, Ìnàkí ní kí o máa bọ̀ nílé."

Kò bínú. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí kò lóye.

"Bọ̀dá, ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe Ìnàkí ló lọ bá. Igi ni Màmá ní ó lọ ṣẹ́. Igi náà ló wúwo jù fún un, òun ló ṣe ń pẹ́. Ẹ bá mi gbé e."

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe rí, mo dúró níbẹ̀, mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi. Mo gbìyànjú láti fà á, ó di igi mú. Obìnrin onígi náà di ìdì kékeré kan, ó gbé e lé mi lórí, ó di èyí tó kéré sí i, ó gbé e lé Kẹ́hìndé lórí. Ó ní, "Ẹ gbé e lọ fún un." Bí a ṣe rìn wálé nìyẹn. Kẹ́hìndé ló wà níwájú, ọrùn ìgò lábẹ́ igi, ó ń yára kó lè dé bá a.

Gbogbo ilé ti pé sí àgbàlá. Nígbà tí Màmá rí igi lórí ọmọ náà, ó fọwọ́ méjèèjì di ẹnu. "Mawúù!" Ọlọ́run ló ń pè. Bàbá mi bi í pé kí ló dé, ó sì sọ ọ́: nílẹ̀ tiwọn, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Nàkí, igi ìdáná ni. Bàbá mi wo èmi, èmi wo ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a fi ń gbé ìnàkí kiri nínú ilé yẹn, tí a bọ̀wọ̀ fún un, tí a kọ́ ọ nírun, igi ni.

Kẹ́hìndé ò gbọ́ ìyẹn. Ìyá mi ló ń wò. "Ìyá, a ti bá a gbé díẹ̀. Ṣé ó ti dé?"

Ìyá mi jókòó sórí yanrìn. Ó sọ igi náà kalẹ̀ kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ ẹ̀gún níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń yọ ọ́ ni ó ń sọ ọ́.

"Kẹ́hìndé. Táyé ti kú."

Màmá ní, "Áò! Má sọ ọ́!" Bàbá mi ní, "Ìyá wọn!" Ìyá mi fa ẹ̀gún mìíràn yọ. Ó tún sọ ọ́.

Kẹ́hìndé rò ó. "Bí àgbò Iléyá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò wà nínú igi?"

"Kò wà nínú igi."

"Kò wà lọ́dọ̀ Ìnàkí?"

Ìyá mi wo ẹ̀gún tó wà láàárín èékánná rẹ̀. Mo mọ̀ pé súwẹ́tà pupa yẹn ló ń wò. "Kò wà níbẹ̀," ni ó wí. "Kò síbì kankan tó wà."

Kẹ́hìndé jẹ́ kí wọ́n yọ ẹ̀gún tó kù tán. Kò sunkún. Ó ní ebi ń pa òun. Wọ́n gbé àkúmẹ̀ wá nínú abọ́ wọn yẹn, ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, òun ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó jẹ títí dé ààbọ̀. A ń wò ó, gbogbo ilé. Kò dúró níbẹ̀. Ó jẹ ààbọ̀ kejì, ó fi ìka nu abọ́, ó lá a, ó yí abọ́ náà dojú dé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Táyé jáde, ìyá mi ò ké. Ọjọ́ tí abọ́ yẹn ṣófo ló ké, Djidjolé gbọ́ ọ.

Kẹ́hìndé ò tẹ̀ lé e. Ó wà láyé, ó ń ránṣọ ní Kégué báyìí, ó sì ti ga jù mí lọ. Bí ẹnì kan bá pè é ní Kẹ́hìndé tó sì bi í pé Táyé ńkọ́, á ní, "Ó ti kú," gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń sọ iye aago tó lù. Àwọn àgbà kì í fẹ́ ẹ. Èmi ní tèmi, mo gbé iṣẹ́ ògbufọ̀ mi lọ sílé ìwé. Bí maître bá ní kí n sọ ohun tí àyọkà Faransé ń wí, mo máa ń sọ ohun tó wù mí kó wí. Ibi tó gbé mi dé, ẹ rí i.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Kò sí télé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, olúkúlùkù yín ló ní tiẹ̀ lọ́wọ́, ẹ gbọ́ Faransé ju ọ̀gá ilé ìwé tó lé mi lọ, ọmọ tí kò tíì yọ eyín tán ti ń bá mi tún gbólóhùn ṣe. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló wí. Ikú náà ti yí. Kò sẹ́ni tó ń lọ ṣẹ́gi mọ́. Kí ara òkú tó tutù, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo ìlú, pẹ̀lú àbẹ́là àti òdòdó. Èyí dáa ni, àbí ti àtijọ́ ló dáa, ẹ má bi mí. Mo ti rí ohun tí irọ́ rere ń ṣe, mo sì ti rí ohun tí òótọ́ ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ nínú méjèèjì.

Oṣù tó kọjá, ọmọ kékeré kan kú nínú ilé tí mo ń gbé báyìí. Ibà náà ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àwòrán rẹ̀ wọlé sórí fóònù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ṣeré. Ẹ̀gbọ́n náà wò ó. Mo ti ń wúkọ́, mo ti ń múra sílẹ̀, bó bá bi mí, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, àmọ́ mo máa sọ nǹkan. Kò bi mí. Ó fi ìka sún àwòrán náà lọ, òmíràn sì wọlé.